Wọ́n ti gba àkáǹtì géèmù yín rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin tèmi, ẹni tí wọ́n bá ti háàkì àkáǹtì géèmù ẹ̀ rí kó jọ̀ọ́ bọ́ síbí, kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe gbà á padà, tí kò bá sì rí i gbà, kó sọ ìyẹn náà. Ó ti sú mi kí n máa rí "lọ yí pásíwọ́ọ̀dù ẹ" níbi gbogbo. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú ẹ̀ ò tíì rí màbo.

Ẹ jẹ́ n fi tèmi ṣíde. Mo ti fẹ́ sùn ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ímeèlì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Èyí àkọ́kọ́ ní ẹnì kan ti wọ àkáǹtì mi látorí ẹ̀rọ tí wọn ò mọ̀. Kí n tó kà á tán, òmíràn dé, ó ní mo ti yí pásíwọ́ọ̀dù mi. Èmi kẹ̀? Òmíràn tún dé, ó ní ímeèlì tó wà lórí àkáǹtì yẹn kì í ṣe tèmi mọ́. Mo sáré ṣí géèmù, ó ti lé mi jáde. Mo ní kí n padà sínú ímeèlì kí n fara balẹ̀ ka àwọn nǹkan yẹn, mi ò bá ọ̀kankan níbẹ̀ mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú oorun ló ń ṣe mí. Ibi tí mo ti ń wò ó báyìí ni òmíràn tún já wọlé, mo rí orúkọ ilé iṣẹ́ géèmù yẹn fìrí, ló bá pòórá lójú mi kòrókòró, ọwọ́ mi ò kan nǹkankan o. Àyà mi já. Olè yìí ò sí nínú géèmù nìkan, inú ímeèlì mi gan-an ló wà, ó ń pa ojú ẹsẹ̀ ẹ̀ rẹ́ bó ṣe ń rìn.

Ni mo bá pa géèmù tì, mo kọjú sí ímeèlì. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ o: ẹni tó bá ní ímeèlì yín lọ́wọ́ ló ni géèmù yín, torí ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ "mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù", ibẹ̀ náà ni wọ́n máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí. Bẹ́ ẹ gba géèmù padà láàárọ̀, á tún gbà á lọ́sàn-án.

Nínú settings ímeèlì mi, mo bá fíltà kan tí mi ò mọ̀ rí: ìwé yòówù tí orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn bá wà lórí ẹ̀, kó kọjá sínú pàǹtí (trash) tààrà, kó sì ṣe bí ẹni pé mo ti kà á. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ó tún ti fi àdírẹ́sì kan sí ibi fọ́wọ́ọ̀dù, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó bá wọlé fún mi ló ń rí ẹ̀dà ẹ̀ gbà. Ká ní pásíwọ́ọ̀dù nìkan ni mo yí, á ṣì máa ka ìwé mi lọ ràì ni. Mo pa méjèèjì rẹ́, mo yí pásíwọ́ọ̀dù, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń lé gbogbo ẹ̀rọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mo tún yẹ nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ wò bóyá ó ti fi tiẹ̀ rọ́pò ẹ̀.

Orí tún bá mi ṣe é, kò rántí kó pàǹtí yẹn dànù. Lórí Gmail, ohun tẹ́ ẹ bá parẹ́ máa ń wà nínú pàǹtí fún 30 ọjọ́ kó tó lọ pátápátá, torí náà gbogbo ìwé yẹn ni mo hú jáde, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí sọ́pọ́ọ̀tì, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ran oníbàárà ilé iṣẹ́ géèmù yẹn lọ́wọ́. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ bi mí ní pásíwọ́ọ̀dù o. Ohun tí wọ́n bèèrè ni ímeèlì tí mo fi ṣí àkáǹtì níjọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà rìsíìtì ohun tí mo kọ́kọ́ rà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì tí mo fi sanwó, àti séríà nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ géèmù. Olè lè mọ pásíwọ́ọ̀dù mi lákọ́sórí, ibo ló ti máa rí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ inú yàrá mi? Wọ́n fi ìbéèrè há mi mọ́gun bí ẹni ń bi ọ̀daràn, ó sì pẹ́ díẹ̀, àmọ́ wọ́n dá a padà. Owó orí géèmù ti lọ ní tiẹ̀, skin kan (ọ̀ṣọ́ inú géèmù) tí mo ti ń lépa tipẹ́ náà bá a lọ.

Fún ẹni tó máa bèèrè bí wọ́n ṣe rí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yẹn, mo lọ yẹ ara mi wò lórí Have I Been Pwned, sáìtì tí Troy Hunt ṣe ní 2013 kéèyàn lè mọ̀ bóyá ìsọfúnni ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n jí kó, mo bá a níbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ kan tí mo ti gbàgbé pé mo ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti kó ti gbogbo oníbàárà wọn lọ. Wọ́n máa ń kó irú ẹ̀ jọ, róbọ́ọ̀tì á wá máa fi pásíwọ́ọ̀dù kan náà dán ilẹ̀kùn ibòmíràn wò kiri, ọ̀kan náà ni mo sì lò fún ímeèlì. Kò sí ẹni tó jókòó tó ń ronú nípa mi. Ó yá, ta ló kàn?

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orí ire. Tèmi burú ju ìyẹn lọ torí gbogbo ohun tí wọ́n ní kéèyàn ní ni mo ní, pásíwọ́ọ̀dù gígùn gbọọrọ, áàpù orí fóònù tó ń fúnni ní kóòdù ìwọlé, tó ń yí i padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, gbogbo ẹ̀. Àwọn olè ṣì wọlé, géèmù ò sì bi wọ́n ní kóòdù kankan.

Àbúrò mi ló lo laptop mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan lórí Discord, áàpù tí àwọn tó ń gbá géèmù fi ń sọ̀rọ̀, kọ̀wé sí i pé òun ń ṣe géèmù kan, kó bá òun dán an wò kó sọ ibi tó kù sí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ gidi ni o, wọ́n ti jọ ń gbá géèmù tipẹ́, kò mọ̀ pé wọ́n ti gba àkáǹtì ọmọ yẹn náà, pé olè ló ń fi orúkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dáńlóòdù ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, wíńdò dúdú kan yọ fìrí, ó pa dé, géèmù kankan ò ṣí. Ó rò pé kò ṣiṣẹ́ ni, ó bá tiẹ̀ lọ. Àṣé kiní náà ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ parí.

Ṣẹ́ ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ sì ti tẹ kóòdù, bùráúsà á fi nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní cookie pamọ́ kí wọ́n má baà máa bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù ṣáá. Bí òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù séèyàn lọ́wọ́ lẹ́nu géètì ló rí, ẹni tó bá ti ní i lọ́wọ́, wọn ò ní bi í ní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ohun tí àbúrò mi ṣí yẹn kàn ṣe ẹ̀dà gbogbo cookie inú bùráúsà ni, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹ̀. Àwọn tó ni géèmù Roblox tiẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sínú cookie tiwọn gan-an, lẹ́tà ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀, pé kéèyàn má fún ẹnikẹ́ni torí ẹni tó bá rí i lè wọlé lórúkọ yín kó sì jí Robux (owó inú géèmù yẹn) àti ẹrù yín kó. Kóòdù orí fóònù dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ yọ ọ́, àmọ́ irú èyí ò ní gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá rárá.

Bọ̀dá mi kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa ni mo sáré pè. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan laptop yẹn, pé pásíwọ́ọ̀dù tuntun tí a bá tẹ̀ síbẹ̀, à ń fi ránṣẹ́ sí wọn náà ni. Fóònù la lò. A lé gbogbo ẹ̀rọ jáde lákọ̀ọ́kọ́ kí cookie tí wọ́n jí lè kú, ẹ̀yìn ìyẹn la tó yí pásíwọ́ọ̀dù, látorí ímeèlì dé orí géèmù. Laptop ní tiẹ̀, a nù ún mọ́ pátápátá, a gbé Windows tuntun sí i. Fáìlì mi lọ sí i, ó dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni n bá ṣe?

*

Ẹni òkè yìí, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ skin lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ fi èyí kún un: tẹ́ ẹ bá ti gba àkáǹtì padà, ẹ lọ wo ojú ewé API key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí róbọ́ọ̀tì lè fi bá yín ṣe ìpààrọ̀ láìsí pásíwọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá bá ọ̀kan tẹ́ ẹ ò ṣí fúnra yín níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kíá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkejì mi, mo wà níbẹ̀. Ó ti gba àkáǹtì ẹ̀ padà, ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀, ó wá fẹ́ fi ọ̀bẹ kan inú géèmù Counter-Strike (CS) ránṣẹ́ sí mi kí n bá a tọ́jú ẹ̀. Ó fi ránṣẹ́, mi ò rí nǹkankan. Ó ní kí ló dé, mo ní mi ò mọ̀. Fóònù ẹ̀ ní kó fọwọ́ sí i, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, fọ́tò mi ló wà níbẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́, mo ní jọ̀ọ́ dúró, bá mi wo lẹ́fẹ̀ẹ́lì ẹni yẹn. Òdo! Àkáǹtì tèmi sì ti gbó. Olè ti fi key yẹn fagi lé èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ti fi tiẹ̀ rọ́pò, ó sì ti fi orúkọ àti fọ́tò mi bojú. Ara mi bù máṣọ.

Kì í ṣòní kì í ṣàná o. Lọ́dún 2015, Valve tó ni Steam fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àkáǹtì bíi 77,000 ni wọ́n ń gbà tí wọ́n sì ń kó ẹrù inú ẹ̀ lóṣooṣù, ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹrù dúró fún ọjọ́ mélòó kan tí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ò bá ní áàpù lórí fóònù. Àwọn èèyàn bínú nígbà yẹn. Èmi ò bínú.

*

Ọ̀rẹ́ mi kan ra àkáǹtì lọ́wọ́ ẹnì kan, ó yí ímeèlì, ó yí pásíwọ́ọ̀dù, ó fi fóònù ẹ̀ sí i, ó ń gbá géèmù lọ ní tiẹ̀. Nígbà tó yá, àkáǹtì lọ. Ẹni tó tà á fún un ló lọ bá sọ́pọ́ọ̀tì pé wọ́n ti háàkì òun, rìsíìtì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ímeèlì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n kó o fún un. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fi gba tiẹ̀ padà náà ni oníjìbìtì yẹn fi gba ti ọ̀rẹ́ mi. Kò tiẹ̀ rójú fẹjọ́ sùn torí ilé iṣẹ́ náà ò fẹ́ kí wọ́n máa ta àkáǹtì rárá.

*

Ẹ má bínú o, àmọ́ aláìfarabalẹ̀ ni wọ́n máa ń háàkì. Èmi ò tẹ líǹkì, kò sí ohun tó ṣe mí rí.

*

Ìwọ tó sọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run ló ń bá ẹ ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ. Ní April 2011, wọ́n wọ PlayStation Network, ibi tí àwọn tó ní PlayStation ti ń gbá géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àkáǹtì bíi mílíọ̀nù 77 lọ́rọ̀ náà kàn, wọ́n sì tì í pa fún ọjọ́ 23. Líǹkì wo làwọn yẹn tẹ̀? January 2022 ńkọ́, EA, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 22, ní àwọn tí wọ́n gba àkáǹtì wọn ò tó 50, àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù orí géèmù ni wọ́n dójú sọ, àwọn òṣìṣẹ́ sọ́pọ́ọ̀tì gan-an làwọn olè yẹn sì tàn tí wọ́n fi gbójú fo kóòdù. Àwọn tó ni àkáǹtì ń sùn jẹ́jẹ́ wọn. Torí náà, jọ̀ọ́, má fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ níbí.

*

Ẹ bá mi dá sí tèmi, ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí sọ́pọ́ọ̀tì, èsì róbọ́ọ̀tì ni wọ́n ń fún mi. Látìgbà tí mo ti pariwo síta làwọn kan ti ń ya lu ínbọ́ọ̀sì mi, "kan sí ọ̀gbẹ́ni báyìí, òun ló bá mi gba tèmi", gbogbo wọn ń dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo wọn sì ń fi irú ìkọ̀wé kan náà kọ ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná, gift card ló fẹ́. Ṣé kí n dán an wò? Àbí kí n ṣí tíkẹ́ẹ̀tì (ìwé ẹ̀sùn lọ́dọ̀ sọ́pọ́ọ̀tì) mìíràn sí i?

*

Àbúrò, má sanwó fún ẹnikẹ́ni o! Olè kejì nìyẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni níta tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́, tó bá gba gift card yẹn tán, á tún bi ẹ́ ní kóòdù orí fóònù ẹ. Kàn búlọ́ọ̀kù gbogbo wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì, má ṣí òmíràn. Èmi náà bi sọ́pọ́ọ̀tì nígbà tèmi, wọ́n ní téèyàn bá ń ṣí i léraléra ṣe ló máa ń padà sẹ́yìn ìlà. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ni kó o máa fèsì sí. Má kọ ẹkún sí i, kọ ẹ̀rí: rìsíìtì àkọ́kọ́ pẹ̀lú déètì ẹ̀, orúkọ tí àkáǹtì ń jẹ́ kó o tó yí i padà tó o bá yí i rí, séríà nọ́ńbà tó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ géèmù lo ti ń gbá a, àti ìwé tí wọ́n fi sọ fún ẹ pé ímeèlì ti yí padà. Tó ò bá rí ìwé yẹn, wo inú pàǹtí, kó o wo inú spam, kó o sì wo fíltà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àbúrò wa oní-laptop yẹn náà kàn ẹ́, tó o bá ṣí nǹkankan láìpẹ́ yìí, fóònù ni kó o fi ṣe gbogbo ẹ̀.

Tún bá mi ṣe kiní kan, sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó wà lórí àkáǹtì yẹn pé kì í ṣe ìwọ lo wà níbẹ̀, kí olè náà má baà fi orúkọ ẹ kó tiwọn. Tí wọ́n bá ti dá ẹ lóhùn, padà wá sọ fún wa.