Sáfà mẹ́ta la ní, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ẹrù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkànnì tí èmi àti àǹtí mi fi ń ta èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀wà láti ọjà Bódìjà ni mò ń bójú tó. Sáfà mẹ́ta, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì náà, la ní: ọ̀kan ní RAM 8GB, méjì yòókù ní 4GB. Ètò kan tó ń jẹ́ Nginx ló dúró níwájú tó ń pín àwọn tó bá wọlé fún wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí àǹtí mi bá ti gbé iye ọjà sórí WhatsApp báyìí, èrò á ya wọlé. Kó tó pẹ́, sáfà kejì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn kékeré, á ti máa mí gúlegúle, CPU rẹ̀ á dé 100%. Sáfà ńlá á kàn jókòó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá oníbàárà kan pè mí láti Mọ́níyà, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹrin làwọn tẹ ibi owó sísan, 504, àṣìṣe tó ń sọ pé sáfà ò dáhùn lásìkò, ló ń jáde lójú fóònù àwọn. Ó dùn mí gan-an ni.

Round robin, tó ń pín wọn yíká lẹ́sẹẹsẹ, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọjà tí èèyàn bá kó sínú apẹ̀rẹ̀ máa ń pòórá. Mo yí i sí ip_hash, tó ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan padà sọ́dọ̀ sáfà kan náà, apẹ̀rẹ̀ ò pòórá mọ́, ìyà tuntun ló wá dé yìí. Ṣé kí n ra sáfà kẹrin ni?

Ẹ̀gbọ́n Àpáta:
Àbúrò, má tíì ná kọ́bọ̀. ip_hash yẹn gan-an ni. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 ẹni tó wọlé ló fi ń yan sáfà fún un. Dátà fóònù lọ̀pọ̀ oníbàárà yín sì ń lò, àwọn tó ń ta dátà sì máa ń kó èèyàn rẹpẹtẹ sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Ẹni tó wà ní Mọ́níyà, ẹni tó wà ní Challenge, ẹni tó wà ní Ìwó Road, lójú Nginx wọ́n lè di ẹnìkan ṣoṣo. Fi $upstream_addr (sáfà tó dáhùn) àti $upstream_response_time (àkókò tó fi dáhùn) sínú log_format rẹ, ìlànà àkọsílẹ̀ Nginx, kí o ka iye tó lọ sọ́dọ̀ sáfà kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni, àmọ́ apẹ̀rẹ̀ tó ń pòórá yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ṣé PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì, lẹ ń lò? Bí ẹ ò bá yí i padà, inú fáìlì lórí sáfà fúnra rẹ̀ ni PHP máa ń tọ́jú session, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí oníbàárà ń ṣe, sí. Oníbàárà kó ẹ̀wà lọ́dọ̀ sáfà kìíní, ó tẹ ojú ewé mìíràn, sáfà kejì dá a lóhùn, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ wo àwọn alábàárù Bódìjà. Bí kálukú wọn bá ń gbé ẹrù yín pamọ́ sílé ara rẹ̀, ẹni yẹn gan-an lẹ máa wá kiri, bó tilẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Bí gbogbo ẹrù bá wà ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ á gbé e.

Redis, ètò tó ń tọ́jú dátà, ni kí ẹ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa kà á níbẹ̀: session.save_handler = redis nínú php.ini, fáìlì ìṣètò PHP, kí session.save_path sì tọ́ka sí port 6379 ti Redis. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí Redis sí gbangba o. Ẹ fún un ní páásíwọọ̀dù, kó máa gbọ́ lórí àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé nìkan.

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ ṣé mà. PHP ni. Ṣé kí n wá padà sí round robin?

Ẹ̀gbọ́n Àpáta:
least_conn ni kí o lò. Iṣẹ́ yín ò dọ́gba: wíwo àwòrán èlùbọ́ kì í pẹ́, owó sísan ní láti dúró de báńkì. Round robin á kàn máa pín in yíká, kò ní wò ó bóyá ẹni tó ń gbé e fún ṣì ń làágùn. least_conn á gbé e fún ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kéré jù. Fi weight=2 sára sáfà ńlá, ìyẹn bí CPU rẹ̀ náà bá tó ìlọ́po méjì; má wo RAM nìkan.

Nǹkan kan tún wà. Bí o ò bá kọ ọ́, max_fails jẹ́ 1, fail_timeout, àkókò tí Nginx fi ń yẹra fún sáfà tó kọsẹ̀, jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 10. Sáfà kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Nginx á yọ ọ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ á wó lu àwọn yòókù, àwọn náà á tún kọsẹ̀. Gbé max_fails sí 3.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbọ̀wọ́:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, MySQL kan náà, ibi tí dátà ọjà wà, ṣáà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bi léèrè. Ẹ tan slow query log, tó ń kọ ìbéèrè tó bá pẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé long_query_time wá sí ìṣẹ́jú-àáyá 1, torí 10 ló máa ń wà.

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe é. Nínú log àtijọ́, bí èèyàn mẹ́wàá bá wọlé, méje ló ń lọ sọ́dọ̀ sáfà kejì. Lálẹ́ àná, sáfà ńlá gba nǹkan bí ìdajì, àwọn kékeré pín ìyókù, 504 kankan ò jáde. Akẹ́kọ̀ọ́, o ṣeun gan-an: ibi tí wọ́n ti ń wá ọjà kò ní index, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kí wíwá yá, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ló ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Mọ́níyà ti sanwó, gàrí wọn ti wà nínú mọ́tò.

Ó ku Nginx kan ṣoṣo tó wà níwájú yẹn. Bí òun bá kú ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gbé ìkejì kalẹ̀, kí ẹ fi keepalived so wọ́n pọ̀, kí àdírẹ́ẹ̀sì kan máa bọ́ sọ́wọ́ èyí tó bá ṣì wà láàyè. Ẹ má dúró di ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó dán an wò o. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí ẹ fọwọ́ ara yín pa ti àkọ́kọ́.