Ṣé ẹ̀rọ ni «oníṣègùn ẹ̀rọ» ń wò sàn ni?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin wa láti Ìkẹ́rẹ́ fi ránṣẹ́ lánàá, nínú èyí tí wọ́n ti dábàá pé kí a máa pe ẹni tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «artificial intelligence») fún ìtọ́jú aláìsàn, ní «oníṣègùn ẹ̀rọ». Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè gbà á. Oníṣègùn ojú ń tọ́jú ojú, oníṣègùn eyín ń tọ́jú eyín, oníṣègùn ẹranko sì wà fún ajá àti màlúù: nínú irú orúkọ wọ̀nyí, ohun tí ó bá tẹ̀ lé «oníṣègùn» ni aláìsàn. Bí mo bá pe orúkọ yìí fún màmá mi ní Ìdó-Èkìtì, wọn yóò ní kí n bá àwọn pe ọ̀gbẹ́ni náà wá tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe.

Arákùnrin wa ní àwọn ti ń kọ́ gírámà kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń pe onílé ní «onúlé» yí fáwẹ̀lì padà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìtumọ̀ «oní-» ṣeré rí.

Ẹ wo Edward Shortliffe, dókítà àti olùkọ́ yunifásítì, tí ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ MYCIN ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Òfin bíi 600 tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ni ètò náà fi ń wádìí kòkòrò tí ó wọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí ó sì fi ń dábàá oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ́ ni ara rẹ̀ kò yá.

Ìdí nìyí tí mo fi yan «olùkọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá fún ìlera», bí ó tilẹ̀ gùn. Àǹtí wa ní Ọ̀yọ́ fẹ́ «òye» dípò «ọgbọ́n», èmi kò sì fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tí nǹkan yé ni ó ní òye. Àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tí àwọn dókítà ti kọ orúkọ àrùn sí ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ òde òní. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni ó ń lò.

Ó ku «atọ́wọ́dá» tí àwọn kan ń kọ. Ti ọwọ́ dá ni, ìyẹn àtọwọ́dá. «Tọ́» ni ti ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ tàbí tí ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹni tí yóò bá ta kò mí, kí ó jọ̀ọ́ fi àmì ohùn sí i, nítorí pé lẹ́tà àná kò ní ẹyọ kan.