Ẹ̀rọ wo ni ká fi máa gé bọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù tuntun wa? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọge Àpáta:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpáta, n'Ìbàdàn níbí, kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì àti wọ́dúróòbù la fẹ́ máa ṣe, irú èyí tó ṣe é tú palẹ̀ kó sínú páálí, tí kọ́sítọ́mà á tò ó fúnra ẹ̀ tó bá délé. MDF (bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀) 3/4 íǹṣì olójú funfun la ń lò jù. Káfíńtà kan ló ń bá wa fi ayùn oníná ọwọ́ gé e, ó mọṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ etí bọ́ọ̀dù máa ń bó wẹ́wẹ́, tá a bá wá lẹ edge tape, téèpù tó ń bo etí bọ́ọ̀dù, mọ́ ọn á rí gbágungbàgun, nígbà míì tá a bá to kábínẹ́ẹ̀tì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ọ̀kan á ga ju ìkejì lọ. Àbúrò mi ti wo fídíò CNC, ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, títí, kò gbọ́ ti nǹkan míì mọ́. Èmi ń wo panel saw ńlá tó ní tábìlì tó ń rìn, ẹnìkan tún ní laser, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan, ni ká rà. Iná single phase la ní, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ 3.5kVA. Owó tó wà ńlẹ̀ ò pọ̀ o, a ò sì fẹ́ yá owó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i, ẹ má bínú pó gùn.

Bàbá Mushin:
Ẹ kú iṣẹ́, Ògún á gbè yín o. Bọ́ọ̀dù mélòó lẹ ń gé lọ́sẹ̀? Ẹ sọ ìyẹn ná. Ẹni tó bá ń júwe ẹ̀rọ fún yín láì béèrè ìyẹn, ó fẹ́ tajà ni.

Ọmọge Àpáta:
Ẹ ṣé sà. Tíṣẹ́ bá wà, bíi 8 sí 10 lọ́sẹ̀. Tí ò bá sí, kò tó 3.

Bàbá Mushin:
Ẹ má ra ẹ̀rọ ńlá kankan nígbà yẹn. Ní Mushin níbí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù ló ní panel saw ní ìsọ̀ wọn, ẹ̀ẹ́ kàn mú ìwọ̀n lọ, wọ́n á gé e fún yín, ẹ̀ẹ́ san owó gígé, ó parí. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ ti ń ra bọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn bóyá òun náà ní in tàbí ó mọ ẹni tó ní in. Bíléèdì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tó máa ń ṣáájú, òun ló ń kọ́kọ́ ha abẹ́ bọ́ọ̀dù kí bíléèdì ńlá tó dé, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí etí ẹ̀ kì í fi í bó. Kò sí bí káfíńtà yín ṣe fẹ́ mọṣẹ́ tó, ayùn ọwọ́ ò lè ṣe ìyẹn.

Oníná Òṣogbo:
Mo fara mọ́ Bàbá. Ọ̀rọ̀ iná lèmi fẹ́ sọ torí gbogbo èèyàn ló máa ń gbàgbé ẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi dé ilẹ̀. Panel saw oní-mítà 3.2 yẹn, mọ́tọ̀ ẹ̀ sáábà máa ń wà láàárín 4kW sí 5.5kW, three phase (iná onílà mẹ́ta) sì ni. Tó bá ń bẹ̀rẹ̀, iná tó máa fà lè tó ìlọ́po 5 sí 7 èyí tó ń lò tó bá ti ń sáré, àfi tẹ́ ẹ bá so star-delta, ohun tó ń jẹ́ kí mọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 yín á kàn kú fin-ín ni. Ẹ ẹ́ wá jẹnẹrétọ̀ míì, ẹ ẹ́ san owó three phase, tẹ́ ẹ bá sì wà ní Band A, wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n lọ́n máa gbé iná fún yín, wọ́n sì ti gbówó lé e lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n bílì ẹ̀ ń kọ́? Tábìlì ẹ̀ náà ń lọ síwájú ó ń bọ̀ sẹ́yìn, tí ṣọ́ọ̀bù yín ò bá gùn tó bíi mítà 7, ògiri lẹ ẹ́ máa fi bọ́ọ̀dù gún.

CNC Ẹ̀gbá:
Ẹ jẹ́ n gbèjà àbúrò yín díẹ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú CNC 😄 Èmi ní in l'Abẹ́òkúta. Gígé gbọọrọ ò bá a lára mu lóòótọ́, ibi tí panel saw á ti gé bọ́ọ̀dù tán, tèmi ṣì ń rìn jẹ́jẹ́, bit (irin tó ń gé e) mílímítà 6 ni mo sì ń lò, ó ń jẹ bọ́ọ̀dù ju bíléèdì lọ. Àmọ́ ẹ wò ó, ẹ ní kọ́sítọ́mà ló máa tò ó fúnra ẹ̀. Ihò ló máa pa yín, kì í ṣe gígé! Tí ihò skúrúù bá yà díẹ̀ báyìí, kọ́sítọ́mà á pè yín láago mẹ́wàá alẹ́. CNC á lu ihò híńjì ilẹ̀kùn mílímítà 35 síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gẹ́lẹ́, á gbẹ́ ojú ibi tí HDF (bọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́) ẹ̀yìn á wọ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé àbúrò yín mọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan lórí kọ̀ǹpútà? Tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó fi ọdún yìí kọ́ ọ, ẹ̀rọ ò lọ ibì kankan. Ní ti laser, ẹ gbàgbé ẹ̀. Igi fẹ́lẹ́ ló wà fún, àwọn oní-sáìnì àti oní-tọ́ì. MDF 3/4, á jó etí ẹ̀ dúdú, èéfín ẹ̀ á sì lé yín jáde.

Káfíńtà Kékeré:
Ẹ ra track saw jàre, ayùn tó ń rìn lórí irin tààrà. 1200W sí 1600W ni púpọ̀ nínú wọn, jẹnẹrétọ̀ yín á gbé e. Ẹ wá fóòmù líle tó fẹ̀ tó bọ́ọ̀dù, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ gbé bọ́ọ̀dù lé e, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bíléèdì kọjá ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù díẹ̀ báyìí, kó wọ fóòmù. Kò sí pé ẹnìkan ń di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Rọ́bà etí irin yẹn ló ń tẹ ojú bọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ tí kì í fi í bó. Bíléèdì eléyín púpọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, bíi 48, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń la pákó. Kó tó di pé ẹ rà á, ẹ sọ fún káfíńtà yín kó dojú tó dáa délẹ̀ tó bá ń fi ayùn ọwọ́ gé e, torí eyín ayùn yẹn láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀ wá sókè, ojú òkè ló ń bà jẹ́.

Ti kábínẹ́ẹ̀tì tó ga ju ara wọn, ẹ̀rọ kọ́ o! Ẹ ń wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó bá ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi igi kan ṣe ìdíwọ̀n kẹ́ ẹ gé gbogbo wọn pọ̀. Ẹ sì máa ka ohun tí bíléèdì ń jẹ. Bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ ní 1220mm, tí bíléèdì bá jẹ 3mm, tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì kì í ṣe 610 lẹ ẹ́ rí, 608.5 ni. Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ wọn ọ̀nà igun sí igun méjèèjì, tí wọn ò bá dọ́gba, kò dúró dáadáa nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣáà má ra tábìlì ayùn tí àwọn wẹ́dà ń so o, èyí tí bíléèdì ẹ̀ dúró lásán láìsí irin lẹ́yìn ẹ̀. Bọ́ọ̀dù á fún un pa, á sì jù ú padà síkùn ẹni tó ń tì í. Ẹ sì wá nǹkan bo imú, kì í ṣe áńkáṣífì! Eruku igi wà lára ohun tí àjọ WHO kà sí ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ti MDF sì kúná ju ti pákó lọ.

Ọmọge Àpáta:
Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ó ń bínú díẹ̀ ṣá 😂 àmọ́ ó ti ń wá ibi tó ti máa kọ́ yíyà. Àwọn bọ́ọ̀dù wọ́dúróòbù gígùn la máa fún oníbọ́ọ̀dù gé, a máa ra track saw fún àwọn yòókù. CNC Ẹ̀gbá, tá ò bá ní CNC, báwo la ṣe máa lu ihò yẹn báyìí?

CNC Ẹ̀gbá:
Ẹ ra jig ihò 35mm, ohun tó ń darí irin ìluhò síbi tó yẹ, kò wọ́n. Ti skúrúù, ẹ gé MDF pélébé kan, ẹ lu ihò sí i bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, kẹ́ ẹ máa fi lé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó máa jẹ́ etí iwájú lẹ ń fà á sí nígbà gbogbo o.

Bàbá Mushin:
Kẹ́ ẹ sì kọ "ÒKÈ" àti "IWÁJÚ" sára ẹ̀ gàdàgbà. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa dorí ẹ̀ kodò.