Kọ̀ǹpútà tó kọ̀ tí kò fẹ́ kú: kí lojú yín ti rí?

Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀gbẹ́ South Gate FUTA, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń sáré project wọn, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa kì í sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí a bá fẹ́ tilẹ̀kùn ni ìyọnu máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó tẹ Shut down, á kọ Shutting down sójú, àwọn àmì róbótó funfun á máa yí po, wọn ò ní dúró. Jẹnẹrétọ̀ ń jó epo lọ níta, ẹ sì mọ iye tí epo ń lọ báyìí. Ọmọṣẹ́ mi ní kí òun tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ń pa á báyẹn lálaalẹ́, fáìlì oníbàárà ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Bí hard disk bá ń kọ nǹkan lọ́wọ́ tí iná já mọ́ ọn lójú, fáìlì lè bàjẹ́, Windows fúnra rẹ̀ lè má dìde lọ́jọ́ kejì.

Restart ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Ó kú, ó tún tàn wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ọ̀nà. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní 2012, Shut down kì í pa gbogbo nǹkan tán mọ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ó ń ti gbogbo ohun tí a ṣí, ṣùgbọ́n ó ń kó ọkàn Windows àtàwọn driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) pamọ́ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, kó lè tètè tàn bí a bá dé láàárọ̀. Fast Startup ni wọ́n ń pè é. Restart kì í ṣe irú èyí, ṣe ló ń pa gbogbo rẹ̀ pátá kó tó tún un tàn. Nítorí náà, bí Restart bá ṣiṣẹ́ tí Shut down sì há, Fast Startup ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Mo wọ Control Panel, mo lọ sí Power Options, mo tẹ Choose what the power buttons do, mo tẹ Change settings that are currently unavailable, mo wá yọ àmì tó wà níwájú Turn on fast startup. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, kó di Shift mú kó tó tẹ Shut down, ìgbà yẹn nìkan ni yóò kú tán. Tiwa ti ń kú báyìí kí a tó kó wáyà tán. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn láàárọ̀, ìyẹn ò sì dùn mí rárá.

Olùkọ́, Yaba, Oǹdó

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Láàpútọ́ọ̀pù tèmi kì í kú, ì báà ṣe Restart ni mo tẹ̀ tàbí Shut down. Nǹkan kan ló wà nínú rẹ̀ tí Windows ń ní kó dìde tí kò dìde, bí àlejò tó jókòó sí pálọ̀ nígbà tí onílé fẹ́ tilẹ̀kùn sùn. Mo ní láti mọ ẹni tí àlejò náà jẹ́.

Mo tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows pẹ̀lú R, mo kọ msconfig, mo lọ sí Services, ibi tí àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́nú wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi àmì sí Hide all Microsoft services o, kí ẹ má baà pa ohun tí Windows fúnra rẹ̀ fi ń mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ Disable all, mo sì tún ẹ̀rọ tàn. Nígbà tí mo fẹ́ pa á, ó kú láìjanpata. Mo wá ń dá àwọn service náà padà, ìdajì lẹ́ẹ̀kan, kí n lè tètè mọ apá tí ọ̀ràn wà. Ó já sí software prínta kan tí a ti gbé kúrò nílé tipẹ́. Prínta ti lọ, software rẹ̀ ṣì ń wá a kiri, ìwé kan tí a ní kó tẹ̀ sì ṣì wà lórí ìlà. Mo yọ software náà kúrò, ọ̀rọ̀ parí.

Mi ò fara mọ́ ọn bí àwọn kan ṣe máa ń sọ pé ká kàn format kọ̀ǹpútà. Format á kó ohun gbogbo lọ, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Aránṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Módẹ́ẹ̀mù USB ló fa tèmi. Bí mo bá ti yọ ọ́ kí n tó pa á, kì í há.

Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA

Ẹ̀yin tó ń lo Ubuntu dípò Windows, bí ẹ bá rí A stop job is running, ẹ má fòyà. 90 ìṣẹ́jú-àáyá ni systemd, alábòójútó àwọn service inú rẹ̀, sábà máa ń fún service kan kó tó fipá pa á. Ẹ ka orúkọ tó bá kọ síbẹ̀, òun gan-an ló ń dá yín dúró. Bí ẹ bá tàn án padà, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ journalctl -b -1, ẹ ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba, Alágbàka

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa máa ń kú o, àmọ́ ó máa ń pẹ́ gan-an ni. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀gbẹ́ South Gate FUTA, Àkúrẹ́

Bí gbogbo wọn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètò ààbò ni. Ohun kan tó ń jẹ́ ClearPageFileAtShutdown wà nínú registry, ibi tí Windows ń kó àwọn ètò rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fi í sí 1, Windows á máa fi òdo kọ bo gbogbo pagefile (fáìlì tó fi ń ran mẹ́mọ́rì lọ́wọ́) kó tó kú, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ kà. Lórí hard disk àtijọ́, ó máa ń gba àkókò gan-an. Ẹ má fọwọ́ kàn án fúnra yín o. Ẹ bi ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bóyá òun ló fi í síbẹ̀. Kó tún bá yín ṣí Event Viewer, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Windows, kó wo System. Bí ó bá rí àmì àṣìṣe Kernel-Power 41 tàbí 6008 níbẹ̀, á jẹ́ pé wọn ò kú bó ṣe yẹ: ó lè jẹ́ pé iná já mọ́ wọn lójú, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rọ há tàbí ẹnì kan fipá pa á. Bó bá jẹ́ iná ni, ẹ ó nílò UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ. Ohun tí wọ́n bá rí, ẹ padà wá sọ fún wa.