Ọkọ̀ mi ń kú sójú ọ̀nà, tó bá tutù á tún sítáàtì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Corolla 2003 ni, tókúnbọ̀, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wà á. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń yí kọ́kọ́rọ́ tó fi ń sítáàtì. Àmọ́ tí mo bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bí ogójì ìṣẹ́jú, pàápàá tí oòrùn bá mú, á kú mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí dáadáa, kò kàn ní mú ni. Ká dúró tó bí ìdajì wákàtí, á sítáàtì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló wá burú jù. Mo ń bọ̀ láti Gbági, àwọn ìbejì wà lẹ́yìn, ló bá kú sí Ìwó Road láàárín àwọn ọkọ̀ èrò. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Títí mo fi délé ni ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Owó tí mo ti ná ti lé ní ₦150,000. Ó wá ní kí n lọ ra brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òṣogbo
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Ẹ má tíì ra brain box. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ nǹkan láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, owó yín ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn bátìrì, kò sì sí lọ́rùn kíkísítátà. Ọkọ̀ tó ń kíìkì tí kò mú, nínú nǹkan mẹ́ta, ọ̀kan ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: iná púlọ́ọ̀gì, epo, tàbí iṣẹ́ tí crank sensor ń jẹ́. Sẹ́ńsọ̀ yìí ló ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Wáyà tín-ín-rín ló wé mọ́ inú rẹ̀. Tó bá ti gbó, á já nígbà tó bá gbóná, á tún so pọ̀ nígbà tó bá tutù. Ohun tí ẹ sọ yìí jọ ọ́ gan-an. Tó bá kú, kí wọ́n fi scanner, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ń rí, sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń kíìkì tí RPM, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, kò kúrò ní 0, sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ mú. Ó sì lè kọ P0335, kóòdù àṣìṣe sẹ́ńsọ̀ náà, sílẹ̀.

Bàbá Awakọ̀, Ṣàgámù
Epo lèmi fura sí. Tí ẹ bá ń jẹ́ kí epo táńkì lọ sílẹ̀ jù, pọ́ǹpù á máa gbóná, torí epo tó rì sí yẹn ló ń mú un tutù. Ṣé ẹ kì í jẹ́ kó gbẹ?

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé, ẹ̀yin bàbá mi. Epo mi kì í lọ sílẹ̀ ju ìdajì táńkì lọ. Iná check engine ò sì tàn rí. Nǹkan kan wà tí mo gbàgbé: kó tó kú, á kọ́kọ́ fà, mo lè tẹ iná títí kó má lọ, lẹ́yìn náà ló máa wá dákẹ́.

Ọmọ Ríwáyà, Abẹ́òkúta
Mọ̀mí, ẹ kú ìrọ́jú. "Á kọ́kọ́ fà" tí ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má bínú o, crank sensor kì í sábà fún èèyàn láyè. Bí ẹni pa iná ló ṣe máa ń pa ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń fà kó tó kú, ó sábà máa ń jẹ́ pé epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Pọ́ǹpù yín sì ti di tuntun.

Ṣé ọkọ̀ yín ní sẹ́kúríìtì tó ń lo rìmóòtù, tàbí tracker? Nítorí olè, àwọn tó ń fi í sí máa ń gé wáyà pọ́ǹpù, wọn á ki ríléè, súìṣì kékeré tó ń fi iná ṣiṣẹ́, sáàárín. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni iná pọ́ǹpù ń gbà kọjá. Tí ojú wáyà yẹn ò bá dán mọ́rán, á máa gbóná títí á fi jóná.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Kí ríwáyà gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, orí pọ́ǹpù wà lábẹ́ ibẹ̀. Kí ó fi gílóòbù tẹ́sítà sójú wáyà tó ń gbé iná lọ sí i, kí ẹ wá jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ títí á fi kú. Tó bá kú, kí ẹnì kan máa kíìkì kí ẹlòmíràn máa wo gílóòbù. Ẹ má wulẹ̀ tan kọ́kọ́rọ́ lásán, torí ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́ ni pọ́ǹpù wọn kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Tí gílóòbù bá kú, iná ni kò dé, pọ́ǹpù ò jẹ̀bi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta wáyà mọ́ra wọn níbẹ̀ o, orí táńkì epo ni.

Àǹtí Awakọ̀, Ìlọrin
Kó tó di pé ẹ tún un ṣe: tó bá tún kú lórí eré, sítíárìn á le, ẹ fi agbára yí i. Bíréèkì ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ẹsẹ̀ mú un mọ́lẹ̀. Ẹ tan iná méjèèjì, ẹ gbé C-caution sí òkèèrè lẹ́yìn, kí ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Sẹ́kúríìtì wà nínú ọkọ̀ mi lóòótọ́, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo fi í sí i. Mi ò rò ó síbẹ̀ rí.

Mo wá ríwáyà mìíràn ní Akóbọ̀. Ó gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, ó tan AC, a sì jókòó tì í. Ó tó wákàtí kan kó tó fà, ló bá kú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíìkì, ó ní, "Mọ̀mí, gílóòbù ò tàn." Scanner ń ka RPM ní tirẹ̀, ìyẹn ni pé sẹ́ńsọ̀ kọ́. Ó wá wọlé sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa ìdì wáyà kan jáde tí wọ́n fi tépù dúdú dì. Bó ṣe ń tú tépù yẹn, ó ń fà bí oyin, òórùn iná sì jáde. Wáyà méjì ni wọ́n kàn lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, kò sí lẹ́ẹ̀dì lójú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé ti dúdú, rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́. Ẹsẹ̀ ríléè náà ti jóná lápá kan. Ó yọ ríléè náà kúrò, ó so wáyà pọ́ǹpù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀. ₦12,000 ló gbà. Ọjọ́ kẹjọ rèé, mo ti lọ Gbági lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú oòrùn, kò kú rí.

Ọmọ Ríwáyà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa ríṣẹ́ ṣe.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì, Òṣogbo
Ọmọ mi, o káre. Sẹ́ńsọ̀ ni mo rò. Fífà yẹn ló tú u fó.

Ìyá Ìbejì
Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì mi o. Ṣé kí n gbà á?

Ọmọ Ríwáyà, Abẹ́òkúta
Ẹ lọ gbà á lónìí, mà. Kò jọ pé nǹkan kan ṣe é. Ẹ wé e sínú nílọ́ọ̀nù, ẹ fi í pamọ́ síbi tí kò ti ní gba omi.