Ṣé ẹ̀rọ awárin àtijọ́ ṣì lè bá mi rí òrùka ìyá mi?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Òrùka wúrà ìyá mi bọ́ sẹ́yìnkùlé wa ní Adátán, l'Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń ro ìdí ewúro. Ẹ̀rọ awárin, èyí tó ń ké bí irin tàbí wúrà bá wà nínú ilẹ̀, tí bàbá mi rà ní 1978 ni mo fi ń wá a. Kò ní ojú tó ń fi nọ́ńbà hàn, ariwo nìkan ló ń pa. Yangí ló kún ilẹ̀ wa, yangí sì ní èròjà irin nínú, nítorí náà ibi gbogbo ló ń ké! Ìṣó ni mò ń hú ṣáá.

Mo mọ̀ pé àwọn tuntun lè pa ariwo ilẹ̀ rẹ́, wọ́n sì lè ya irin sọ́tọ̀. Àmọ́ òrùka wúrà kékeré ṣì lè dún létí ẹ̀rọ bí etí agolo mínírà tí a máa ń fà ṣí. Ṣé kí n lọ yá tuntun ni, àbí ọgbọ́n kan wà tí mo lè ta sí ti bàbá mi? Òjò ti ń ṣú.