Mo fẹ́ gba ilé ọtí kan ní Apẹ̀tẹ̀: báwo ni kí n ṣe díyelé ọtí?

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́tí. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa gba ilé ọtí kan ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ń padà sí ìlú rẹ̀. Tábìlì mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, fíríísà méjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Nínú ìwé rẹ̀, kíréètì bíà mẹ́fà ló ń tà lóòjọ́, ìyẹn ìgò ńlá 72, ọjọ́ 26 nínú oṣù.

Iye tó ń tà á ló ń kọ mí lóminú. Ọgọ́rùn-ún náírà péré ló ń fi lé iye tó ra ìgò, ì báà ṣe bíà, ì báà ṣe mọ́ọ̀tì. Bíà tó ń ra kíréètì rẹ̀ ní 10,200, 950 ló ń ta ìgò kan. Ilé ọtí tó kọjú sí i ń tà á ní 1,050, èyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ń tà á ní 1,100. Ṣé kí n fowó kún un lọ́jọ́ tí mo bá wọlé ni, àbí kí àwọn oníbàárà kọ́kọ́ mọ ojú mi? Báwo lẹ ṣe ń ṣírò ọtí líle tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ife kékeré, tà, àti ẹmu? Owó ilé jẹ́ 240,000 lọ́dún, ọmọ iṣẹ́ méjì ń gba 40,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó iná tó 15,000 lóṣù, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu bíi lítà epo mẹ́rin lóòjọ́.

Oníṣirò Ọjà:

Àbúrò, fi iye tí ẹni àná ń tà sílẹ̀ ná. Kọ́kọ́ wá iye tí ìgò kan ń ná ọ kó tó dórí tábìlì. Nọ́ńbà tí o kọ ni màá lò.

10,200 tí a bá pín sí 12, 850 ni ìgò kan. Ibẹ̀ ni ẹni àná dúró sí, ibẹ̀ náà ló ti ṣì í. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kó o wá láti dẹ́pò, ibi tí a ti ń ra ọtí ní kíréètì, ńkọ́? Ká ní 240 ló ń gbà lórí kíréètì kan, ogún náírà lórí ìgò kan nìyẹn. Ìgò sì máa ń fọ́: bí bíà bá dì nínú fíríísà, bí wọ́n bá ń já ẹrù, bí ọmọ iṣẹ́ bá ń sáré. Tí ẹyọ kan bá fọ́ nínú kíréètì mẹ́wàá, owó ọtí pẹ̀lú owó ìgò máa súnmọ́ 1,000. Pín in sórí ìgò 120, náírà mẹ́jọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti di 878.

Owó mìíràn wà tó ń jáde lóòjọ́, bí ẹnikẹ́ni mu, bí ẹnikẹ́ni ò mu. Epo lítà mẹ́rin, ká fi lítà kan sí 900, jẹ́ 3,600. Owó iná tí a pín sí ọjọ́ 26 jẹ́ 577. Ọmọ iṣẹ́ méjèèjì, 3,077. Ilé, 20,000 lóṣù, jẹ́ 769. Àpapọ̀ rẹ̀ 8,023. Pín in sórí ìgò 72, 111 ni. Fi 111 kún 878, o rí 989. Ohun tí wọ́n ń tà ní 950! Náírà 39 ń bọ́ sílẹ̀ lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, 2,808 lóòjọ́. Mínírà, omi inú ọ̀rá àti ẹran ló ń gbé bíà dúró níbẹ̀, olówó ò sì mọ̀.

Ní 1,100, tí o bá yọ 878, 222 ló kù. Ìgò 37 ti tó láti san 8,023 ojoojúmọ́ yẹn. Láti ìgò kejìdínlógójì, èrè ló ń wọlé. Tún yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ní 950, náírà 72 ló ń kù lórí ìgò kan, ìgò 72 sì mú 5,184 wá. Ní 1,100, ìgò 24 péré ti kọjá iye yẹn. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn oníbàárà bá tìtorí náírà 150 bínú lọ, ohun tó wọ àpò rẹ kò tíì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Wọn ò sì ní lọ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ náà ti rí i pé kò síbi tí wọ́n ti ń rí i ní 950 mọ́ ládùúgbò.

Má ṣe é ní 1,000 lóṣù yìí kí o tún wá ṣe é ní 1,100 lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa gbọ́ pé o fowó lé ọtí. Má sì fi 50 sẹ́yìn iye kankan. Àádọ́ta náírà ṣòroó rí lọ́wọ́ alẹ́, àìrí ṣéńjì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ iṣẹ́ àti oníbàárà.

Ìyá Ẹlẹ́mu:

Ìṣirò ẹ̀gbọ́n pé, mi ò ní nǹkan yọ níbẹ̀. Ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Ọmọ mi, má fowó kún un lọ́jọ́ tí o wọlé. Ohun tí wọ́n á sọ ni pé ọ̀gá tuntun ti dé, ọtí ti wọ́n, wọn ò sì tíì rí ohun kan tó sàn ju ti àná lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, fíríísà ni kí o dojú kọ. Bí yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ bá ti nípọn tó ìka, pa á, jẹ́ kó yọ́, nù ún. Fi bébà pẹlẹbẹ sáàárín ìdérí àti rọ́bà rẹ̀, kí o ti ìdérí, kí o fà á: bí bébà bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà yẹn ti kú, òtútù ń jáde, epo ń ṣòfò. Ọtí tó dé lónìí, tọ̀la ni. Alẹ́ ni kí o kó o sínú fíríísà, kí àwọn tó ti tutù tẹ́lẹ̀ wà lókè. Ìgò ńlá tó gbóná kì í tutù dé inú ní wákàtí méjì, ọ̀pọ̀ ilé ọtí sì ń gbé e fún ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mu bíà tó tutù nini lọ́dọ̀ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò ní lọ sí òdìkejì títì tìtorí àádọ́ta náírà.

Lẹ́yìn náà, kọ iye tuntun sára bọ́ọ̀dù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fáwọn tó ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kí o pa iye àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí dẹ́pò bá fowó kún kíréètì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, má dúró mọ́, gbogbo àdúgbò ló máa yí iye lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó wà nílẹ̀ tí o rà ní iye àtijọ́ ńkọ́? Iye tuntun ni kí o tà á, nítorí owó rẹ̀ lo máa fi ra òmíràn padà.

Má sì fi iye kan náà lé gbogbo nǹkan bíi ti ẹni àná. Bíà kan tàbí méjì wà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò mọ iye rẹ̀ lórí. Ìyẹn ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́. Jẹ́ kó súnmọ́ ti aládùúgbò. Sítáòtù kékeré, èyí tí 24 wà nínú kíréètì rẹ̀, àti bítà onígò, ẹni tó ń mu wọ́n kì í béèrè iye lọ́nà méjì. Ibẹ̀ lo ti lè rí 300 tàbí 350 lórí ìgò kan. Mọ́ọ̀tì, ronú nípa àyè tó gbà nínú fíríísà: bí kò bá tètè tà, àyè bíà ló ń jẹ.

Ẹmu ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí kì í dúró deni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kì í fún ọ ní lítà 25. Ìfófòó rẹ̀ ń gba àyè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìdin àti èèpo ń wọ asẹ́. Fi lítà 22 ṣírò. Bí o bá ra kẹ́ẹ̀gì ní 11,000, 500 ni lítà kan, kì í ṣe 440. Èyí tó dé láàárọ̀ dùn, ìrọ̀lẹ́ ó ti kan, ọjọ́ kejì ó ti ń di ọtí kíkan tí ọ̀pọ̀ ò ní mu. Nítorí náà ta ti àárọ̀ ní 900, kí o jẹ́ kí ti alẹ́ wá sí 700, kó lè tán. Ra èyí tó máa tán lójúmọ́ kan. Má bomi lù ú, má fi ṣúgà inú páálí pa kíkan rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó mọ ẹmu á mọ̀ lẹ́nu àkọ́kọ́, kò sì ní padà wá.

Alábòójútó Báà:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọtí líle, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń sá lọ jù.

Ìgò 75cl, tí ṣọ́ọ̀tì kan bá jẹ́ 3cl, 25 ló wà nínú rẹ̀. Fi 24 ṣírò, torí èyí tó dà sílẹ̀. Bí ìgò bá jẹ́ 4,800, 200 ni ṣọ́ọ̀tì kan, ẹ sì lè tà á ní 400. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ bá ń fojú wọ̀n ọ́n, tàbí tó ń fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n, ó máa ń di 4cl. Ìgò kan náà á di ṣọ́ọ̀tì 18. Mẹ́fà ti lọ, 2,400 náírà lórí ìgò kan, kò sì sẹ́ni tó jalè. Ẹ ra ife ìwọ̀n onírin tí wọ́n kọ 30ml, ìyẹn 3cl, sí lára, méjì, kí ọ̀kan má bàa sọnù kí wọ́n padà sí ìdérí. Lálẹ́, ẹ fi máákà fa ìlà sára ìgò níbi tí ọtí dé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Iye ṣọ́ọ̀tì inú ìwé gbọ́dọ̀ bá ìlà mu.

Ẹ máa fọ́ ìgò ọtí líle tó ti tán. Àwọn kan ń kiri rà á, wọ́n ń rọ ayédèrú sí i. Bí ẹnì kan bá gbé ọtí líle wá fún yín ní ìdajì iye dẹ́pò, ẹ má rà á. Ògógóró tí kò ní orísun náà, ẹ má jẹ́ kí èrè rẹ̀ fà yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, sì ni àyẹ̀wò tọ́ka sí. Ojú ń fọ́ kí ẹ̀mí tó bọ́. Ní ti ọtí inú ọ̀rá, oṣù kejì ọdún 2024 ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dè é, pẹ̀lú ti inú ìgò tí kò tó 200ml. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ẹ má gbé ìṣirò èrè yín lé e.

Ní ti gbígba ilé ọtí náà: kí ẹ tó sanwó, kí ẹ̀yin àti ẹni àná jọ ka òfìfo ìgò àti kíréètì. Owó òwò ni òfìfo, dẹ́pò kì í gbé ọtí fún ẹni tí kò ní in àfi tó bá sanwó ìgò. Ẹ wo ìgò tó ṣán lẹ́nu, wọn ò ní gbà á. Ẹ béèrè ẹni tó ni fíríísà: bí àmì ilé iṣẹ́ ọtí bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì lè gbé e lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ gba rìsíìtì owó ìwé àṣẹ ọtí, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni owó yẹn, kí wọ́n má bàa gba gbèsè ẹni àná lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Màá ṣe é bí Màmá ṣe wí, ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tó lọ sí 1,100. Ohun méjì ló kù. Àwọn bàbá mẹ́rin kan wà tí wọ́n ń mu níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti ń sọ pé iye àtijọ́ làwọn ń san. Èkejì, ẹni àná ń ta àwìn, orúkọ mọ́kànlá ló wà nínú ìwé rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́mu:

Àwọn bàbá, má ṣe iye méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn máa gbọ́. Bọ̀wọ̀ fún wọn lọ́nà mìíràn: tábìlì tí wọ́n ń jókòó sí, má fún ẹlòmíràn. Jẹ́ kí tiwọn máa tutù ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Bí ẹran bá jinná, bu ìwọ̀nba sí àwo fún wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Kọ iye ẹran yẹn sínú ìwé bí owó tó jáde, kó má bàa dà bíi pé ó sọnù.

Oníṣirò Ọjà:

Àwìn: orúkọ mọ́kànlá yẹn, ẹni àná ni wọ́n jẹ, kì í ṣe ìwọ. Má rà á mọ́ ọjà. Bí ó bá ní kí o bá òun gbà á, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ń gbà á fún òun ni.

Ní tìrẹ, fi ìṣirò yìí sọ́kàn. Kíréètì kan ná ọ ní 10,536 kó tó dórí tábìlì, 2,664 ló sì kù lórí rẹ̀ bí o bá tà á ní 1,100. Bí ẹnì kan bá mu kíréètì kan láwìn tí kò san, mẹ́rin mìíràn lo máa tà kí o tó rí owó rẹ̀ padà. Bí o bá gbọ́dọ̀ ta àwìn rárá, má jẹ́ kó kọjá ìgò mẹ́ta fún ẹnì kan, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá tíì san mẹ́ta yẹn, mínírà pàápàá, kó fowó sílẹ̀ kí o tó ṣí i.